Àálè Tí Mo Gbé Kọ́ Sínú Ọgbà Ẹ̀fọ́ Iléèwé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Tí mo bá dúró lágbedeméjì, mo mọ ara mi, mi ò ní lè padà sí i mọ́.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ti rò pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń bá àwọn èèyàn ṣàwàdà. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ìyá àgbàlagbà kan sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí níwájú ilé ọmọ rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Háà! Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ òkú fún. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí sí yín nìyẹn.

Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní dárúkọ iléèwé náà. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ò ṣẹ̀ mí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń lọ káàkiri àwọn iléèwé ìgbèríko, mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè dá ọgbà ẹ̀fọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan gidi jẹ lọ́sàn-án. Mo kàwé nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé, níbi tó jẹ́ pé ilẹ̀ tó bá ṣófo, ààtàn ni wọn yóò sọ ọ́ dà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ará àdúgbò a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ọmọ AJ, ta ló mú ẹ dé oko rí?" Èmi náà á ní ìwé ló mú mi débẹ̀.

Abúlé tí mò ń sọ yìí wà lódìkejì omi. Marine Beach lèèyàn á ti wọ ọkọ̀ ojú omi tó bá ń lọ síbẹ̀. Yanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀ wọn. Apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà ẹja ò wọ́n wọn rárá, ẹ̀fọ́ ló wọ́n wọn bí ojú. Èyí tí wọ́n bá rà bọ̀ láti Ajégúnlẹ̀, kó tó kọjá omi, á ti rọ jọwọrọ. Gàrí àti ẹja làwọn ọmọ wọn ń jẹ lójoojúmọ́ ayé.

Mo lọ bá àwọn mẹkáníìkì ní Coconut, níbi tí àwọn tírélà ń gúnlẹ̀ sí, mo tọrọ àlòkù táyà tírélà lọ́wọ́ wọn, a sì fi ọkọ̀ kó wọn kọjá omi. Mo kọ́ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n máa kó ewé tó ń léfòó lójú omi, kí wọ́n pò ó mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́, kí wọ́n bò ó títí tí yóò fi jẹrà di ilẹ̀ dúdú. Inú táyà yẹn la da ilẹ̀ náà sí, tí a sì gbin ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ àti ugu. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní táyà tirẹ̀. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ kíláàsì wọn sí i lára. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń fi agolo bomi rin ín, tí wọ́n ń jà sí ẹni tó kàn.

Ẹ̀fọ́ náà yọ. Kì í ṣe pé mò ń pọ́n ara mi o, ẹ̀fọ́ náà yọ! Àwọn àgbà abúlé ń wá wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun. Wọ́n sọ mí ní Àǹtí Àgíríìkì, orúkọ yẹn náà ni gbogbo wọn fi ń pè mí títí dòní.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ló kù yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń se oúnjẹ tà fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Coconut. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ wo ọgbà náà. Àwọn ọmọ ti lọ sílé, ọ̀gá iléèwé ti lọ kírun. Èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Mo rí ṣọkọ tó ti fẹ́ máa gbó jù nínú táyà kan. Mo ní tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, ó ti bàjẹ́. Mo já a, mo kó o sínú báàgì mi, mo wọ ọkọ̀, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi ṣe ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn awakọ̀ pọ́n ìka lá. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí ẹ̀fọ́ tó múyọ̀ báyìí. Mo ní iléèwé ló fi ta mí lọ́rẹ.

Irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa nìyẹn. Ó rọrùn lẹ́nu mi débi pé mi ò mọ̀ pé irọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò pè é ní olè nígbà náà. Mo ń sọ fún ara mi pé òógùn mi ló wà níbẹ̀, pé èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún táyà, pé èmi ni mo mú irúgbìn lọ. Ṣùgbọ́n mi ò já a rí lójú àwọn ọmọ. Nǹkan tí àgbà ò bá ti lè ṣe lójú ọmọdé, ó mọ orúkọ tí nǹkan náà ń jẹ́. Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn dé, mo tún já a. Nígbà tó yá, mi ò wo èyí tó ti gbó mọ́. Èyí tó dára jù ni mò ń mú.

Tó bá di ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ á dé, wọ́n á bá táyà wọn ní ìhòòhò. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹta sunkún lọ́jọ́ kan débi pé wọn ò lè kàwé. Ọ̀gá iléèwé, tó jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ń jí wa lẹ́fọ̀ọ́ o."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo káwọ́ lérí. Mo pariwo "Háà! Irú ìwà ìkà wo nìyí!" Ariwo mi pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n jí ní nǹkan lọ. Ọkùnrin náà tún wá ń pẹ̀tù sí mi nínú.

Wọ́n pe ìpàdé òbí àti olùkọ́ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà iléèwé. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ní kí àwọn ọ̀dọ́ máa ṣọ́ ọgbà láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sápamọ́ kí wọ́n lè gbá olè náà mú. Mo rí ara mi pẹ̀lú báàgì mi láàárín àwọn ọ̀dọ́ apẹja. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ẹnu mi ti là. Mo ní, "Ẹ ò ṣe kúkú jẹ́ ká fi àálè síbẹ̀? Àwọn bàbá wa kì í ṣọ́ oko. Àálè ló ń bá wọn ṣọ́ ọ."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ, pé ohun tí ayé ti gbàgbé nìyẹn. Àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ gbé e kọ́ nínú wọn. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àálè òun lọ mú ọmọ ìyá òun. Bí wọ́n ṣe yí ojú sọ́dọ̀ mi nìyẹn, èmi àlejò. Ẹnì kan ní, "Àǹtí, àwọn ará ilé yín lókè lọ́hùn-ún, ọwọ́ wọn á dé e, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ará ilé mi tí wọ́n ń sọ yìí, bàbá mi ni, ẹrù ló sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ rù ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal. Kò mọ ewé, kò mọ egbò. Tó bá gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ gbé àálè kọ́, á fi bẹ́líìtì là mí lẹ́yìn bí mo ṣe dàgbà tó yìí.

Inú yàrá mi ni mo ti ṣe é. Mo mú ẹsẹ̀ kan lára bàtà mi tó ti já, mo ya aṣọ pupa lára búláòsì àtijọ́, mo wá ṣúkù àgbàdo, mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ mélòó kan yọ, mo ṣa ìkarahun ìgbín nínú ìdọ̀tí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dà nù. Mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí mo dé ọgbà, gbogbo abúlé ti pé. Mo gún igi mọ́lẹ̀, mo gbé e kọ́, mo sì ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ kí wọ́n lè rò pé ọfọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ọfọ̀. Tébù ìṣirò tí a kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kà. Ẹ̀rín ń pa mí nínú.

Láti ọjọ́ náà, olè dáwọ́ dúró. Báwo ni kò ṣe ní dáwọ́ dúró? Olè náà ló gbé àálè kọ́. Ẹ̀rù ojú àwọn èèyàn kò jẹ́ kí n lè nawọ́ sí ẹ̀fọ́ mọ́. Ni wọ́n bá gbà pé àálè mi múná. Òkìkí ẹ̀ kàn dé àwọn abúlé mìíràn. Mo lè wà níbi tí mo ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń da ilẹ̀ pọ̀ fún àwọn olùkọ́, kí ẹnì kan nawọ́ sókè kó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, àálè ńkọ́?"

Mi ò bá ti fi èyí ṣe àwàdà jẹ títí di òní, ká ní Ìyá Rísí ò sí.

Ìyá Rísí jẹ́ opó, ó dàgbà ju ìyá tó bí mi lọ. Ẹja ló ń yan tà ní abúlé náà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin kékeré kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá ti sọ̀ nínú ọkọ̀, òun ló máa kọ́kọ́ kí mi. Á pọ́n ẹja méjì sínú ewé, á ní, "Ọmọ mi, gbà, kì í ṣe ẹ̀fọ́ nìkan lèèyàn ń jẹ." Mi ò bá a rí lórí ìjà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú lẹ́nu rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ tò sórí ìlà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán. Mo wà níbẹ̀. A rí Ìyá Rísí tó ń tiro bọ̀, ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó wá sí iwájú gbogbo wa, ó kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Ó ní ọmọ ọmọ òun ló ní ibà, tí kò jẹun, tí òun wá lọ já tẹ̀tẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan ní kùtùkùtù láti fi ṣe ọbẹ̀ fún un. Ó ní òun ní lọ́kàn láti wá sọ fún ọ̀gá iléèwé, ojú ló ti òun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni nǹkan gún òun lẹ́sẹ̀ nídìí àtẹ ẹja, tí ojú ọgbẹ́ náà kò sì pa dé mọ́ látìgbà náà.

Ó ní, "Èmi ni. Àálè ti mú mi. Ẹ bá mi bẹ Àǹtí."

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Kò sẹ́ni tó fura sí i. Bàtà mi tó já àti aṣọ pupa búláòsì mi ló kó o wá síbẹ̀.

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹnì kan pariwo pé, "Ẹ̀kúnwọ́ kan kẹ̀! Gbogbo èyí tí wọ́n ti ń jí látọjọ́ yìí ńkọ́?" Ìyá náà fi Ọlọ́run búra pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Wọ́n hó lé e lórí. Ọ̀gá iléèwé gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ gbé kọ́. Ṣé kò lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jí àwọn ti tẹ́lẹ̀?"

Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò ṣí i. Bí mo bá kàn sọ pé "ó lè jẹ́," ìyẹn nìkan ì bá tó. Mi ò bá tiẹ̀ má dárúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo ojú tó ń wò mí. Mo rò ó pé tí kì í bá ṣe obìnrin yìí, wọ́n á tún máa wá olè náà.

Mo ní, "Àálè kì í ṣi èèyàn mú."

Ìyá Rísí gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ó kàn wò mí bí ẹni tó gbọ́ ohun tí kò mọ̀ nípa ara rẹ̀. Kò búra mọ́.

Wọn ò nà án. Àmọ́ wọn ò ra ẹja rẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó jókòó tì wọ́n nídìí ààrò. Àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan, ń kọrin olè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nígbà tí mo tún lọ síbẹ̀, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Ajégúnlẹ̀.

Ojú ń tì mí láti sọ èyí: inú mi dùn. Mo ní ó ṣeun tó lọ. Àdúgbò kan náà la jọ wà báyìí, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń ráyè wo ojú ẹnìkejì. Mo lọ ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mi ò já ẹ̀fọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà náà. Mi ò sọ ìyẹn kí ẹ lè yìn mí o.

Nígbà tó ṣe, lọ́dún yìí, mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Marine Beach, mo rí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó di ọwọ́ mi mú gírí. Ó ní, "Àǹtí Àgíríìkì! Ẹ̀yin náà nìyí! A ti wá yín tì!" Mo rò pé ó fẹ́ fọ́ mi létí ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń ru ẹrù. Rísí ni, ọmọ ìyá náà. Ó ní, "Àǹtí, abẹ̀g, ẹ ṣàánú wa. Ẹ wá tú màmá mi sílẹ̀. E don tey o. Ó ti tó gẹ́ẹ́."

Mo tẹ̀lé e. Kí la tún fẹ́ ṣe? Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà ni òórùn ti pàdé wa. Ìyá Rísí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ru. Ẹsẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè júwe ẹ̀. Ọdún mẹ́ta! Ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn títí, ó kọ̀. Ó ní wọn kì í gún ẹni tí àálè mú lábẹ́rẹ́, pé abẹ́rẹ́ ló máa ń pa irú wọn. Ó ní ẹni tó bá gbé e kọ́ nìkan ló lè tú u.

Mo wo ẹsẹ̀ náà, mo sì ń rí ìkarahun ìgbín yẹn, èyí tí mo ṣà nínú ìdọ̀tí. Ṣé nǹkan yìí ló ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn láti ọjọ́ yìí?

Kí n sọ òótọ́ níbẹ̀ ló yẹ. Mo mọ̀. Àmọ́ mo ní bí mo bá sọ pé kò sí àálè kankan, kó tó gbà mí gbọ́, ẹsẹ̀ náà lè má dúró dè wá. Bóyá àánú ló mú mi rò bẹ́ẹ̀, bóyá ojo ni mí, mi ò mọ̀ títí di ìsinsìnyí. Mo ní kí Rísí bu omi sínú abọ́. Mo ti ọwọ́ bọ omi náà, mo fi nu ẹsẹ̀ ìyá náà, mo ní, "Màmá, mo tú u. Ó ti kúrò lára yín." Ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Alihamudulilaahi." Ó ń gbàdúrà fún mi, ó ń pè mí ní ọmọ rere.

Lọ́jọ́ náà gan-an la gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àtọ̀gbẹ ni. Ó ti wà lára rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ tó ṣẹlẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí ọgbẹ́ náà jinná. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Dókítà bínú sí wa gidi. Ó ní ká ní a tètè gbé e wá ni, kò bá má sí ohun tó máa ju kí wọ́n máa wẹ ojú ọgbẹ́ náà lọ. Ó ní kí ló dé tí a fi ń wò ó láti ọjọ́ yìí. Rísí wolẹ̀. Èmi wo ògiri.

Ẹsẹ̀ náà ti ń jinná báyìí. Mo rò pé ó ti tán. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó bò mí láṣìírí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí i. Mo bá a níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ síwájú. Ó ti to àpò sìmẹ́ńtì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó da ilẹ̀ sínú wọn, ṣọkọ ti ń hù jáde. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ wá bá mi wò ó. Ohun tí ẹ kọ́ àwọn ọmọ nígbà yẹn ni mo rántí." Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi hàn án bó ṣe máa fa díẹ̀ tu kí àwọn yòókù lè rí ààyè nípọn. Ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ tó mọ̀. Mo ní, "Ṣé títà ni, Màmá?"

Ó ní rárá o. Ó ní iléèwé ló ni ín. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá ohun tó jí padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó tún máa padà mú un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kórè, tí wọ́n máa ń pe gbogbo òbí, ó fẹ́ kó ẹ̀fọ́ náà kọjá omi, kó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kó sì bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí n bá òun lọ, torí tí wọn ò bá rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, wọn ò ní jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Ó tọ́ka sí àwọn àpò náà. Ó ní, "Ṣé èyí á tó, àbí kí n fi kún un?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ já. Ẹ̀kúnwọ́ kan ò tó báyìí."

Ó wo ẹ̀yìn bóyá Rísí wà nítòsí. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí.

Ó ní, "Èmi náà ti rò pé ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé àálè kì í ṣi èèyàn mú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni, kò ní mú mi tó báyìí. Èmi náà ni mo jí gbogbo rẹ̀. Ojú oorun ni mo ti ń lọ, mi ò kàn mọ̀ ni. Àgbà tí mo dà yìí, olè wà nínú mi. Mo máa ń ní kí Rísí ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lálaalẹ́, kí n má baà dìde lọ jí nǹkan àwọn ará ilé. Mo purọ́ fún un pé òtútù ni mi ò fẹ́."

Ibi tí mo ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin kọ́." Ó ní kí n má bo òun mọ́lẹ̀, ìbòmọ́lẹ̀ ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun jẹrà. Mo tún ní, "Ẹ̀yin kọ́ o." Ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, pé inú mi ti dára jù. Bí mo ṣe dìde nìyẹn, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi tí wọ́n ń pè káàkiri láti wá gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà. Ọjọ́ ìkórè iléèwé náà ti súnmọ́lé. Ṣé kí n sọ fún ìyá náà ní yàrá ọmọ rẹ̀, níbi tí ojú mi ò ti ní tì mí jù, àbí kí n sọ ọ́ lábẹ́ igi fúrúùtù lójú gbogbo abúlé, níbi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́? Tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á mọ ohun tó ti ń bù fún àwọn èèyàn jẹ. Iṣẹ́ mi á lọ. Bóyá àwọn iléèwé yòókù náà á tu ọgbà wọn dànù. Mo máa ń fi èyí tó gbẹ̀yìn yìí tu ara mi nínú, bí ẹni pé tìtorí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń dákẹ́.

Ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí n gbàdúrà sí i, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gbàdúrà. Ẹ bá mi wá bí ẹnu ṣe ń là. "Ẹ̀yin kọ́" ti jáde lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì wúlò fún un. Ọ̀rọ̀ tó kù, "èmi ni," ni kò jáde. Lálẹ́ òní yìí náà, ìyá arúgbó kan tí kò jalè rí máa ní kí ọmọ rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, èmi á sì wà nínú yàrá tèmi, kò ní sẹ́ni tó máa tì í mọ́ mi.